Ọ̀nì Àrẹ̀mọ àti Igún Oríta-mẹ́rin

Ẹ̀yin ará etí omi, láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ẹ ti ń bi mí pé kí ni mo lọ wá ní Ìbàdàn tí mo fi pẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti fún àwọn kan lésì pé ẹja ni mo lọ tà. Irọ́ ni mo pa. Apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ kan ṣoṣo ni mo gbé lọ, díẹ̀ ló sì kù kí n tún gbé e padà wálé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an fún yín, nítorí bí n kò bá sọ ọ́, àwọn tó gbọ́ àbọ̀ rẹ̀ yóò sọ ọ́, wọn yóò sì fi ata àti iyọ̀ tiwọn sí i.

Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Mojí. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sí mọ́ láti ọrùn-ọwọ́. Ọ̀nì ló gé e lọ́jọ́ tó na ọwọ́ sínú omi láti tú àwọ̀n tó há. Èmi ni mo ń tukọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, a kì í dárúkọ ẹranko náà nílé wa bí oòrùn bá ti wọ̀. Nígbà tí Mojí, àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi, wá sọ pé Àkànní, káfíńtà ará Ìbàdàn tó wá kan òrùlé ilé ìwé wa, ni òun máa fẹ́, inú kò bí wa. Àkànní mọṣẹ́, ó mọ èèyàn kí, kì í sì í mutí. Àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu pé agbo ilé wọn ní Àrẹ̀mọ ń sin ọ̀nì, pé wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n sì ń kí i láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde kúrò nídìí oúnjẹ, kò sì padà síbẹ̀.

Ó pè mí lọ sẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Àbúrò, o mọ̀ pé a kì í fi ọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí. Lọ bá mi wò wọ́n. Má wulẹ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n lówó. Oríṣi èèyàn burúkú méjì ló wà láyé. Ọ̀kan ń ṣe bí ọ̀nì, ẹni tó wà láàyè ló ń mú. Èkejì ń ṣe bí igún, ó ń dúró kí o kú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́. Wá sọ fún mi èwo ni wọ́n."

Mo ní, "Bí wọn kò bá wá jẹ́ ọ̀kankan ńkọ́?"

"Kò sílé tí kì í jẹ́ ọ̀kan," ni ó dá mi lóhùn. "Ohun tí o bá sọ nígbà tí o bá dé ni màá ṣe. Bí o bá ní kó má fẹ́ ẹ, kò ní fẹ́ ẹ."

Bí ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ṣe di ẹrù lórí tèmi nìyẹn.

Mápó

Páànù tó ti dípẹtà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí bí ẹ bá ń wọ Ìbàdàn, páànù lórí páànù, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gun òkè, ẹ ó máa wá ibi tí omi wà láàárín rẹ̀, ẹ kò sì ní rí i. Èmi tí mo ń jí sórí omi láti kékeré, àyà mi já. Mo bi ara mi pé bí iná bá ràn nínú gbogbo ilé tó fara kan ara wọn yìí, kí ni wọn yóò bù pa á? Lókè téńté ni gbọ̀ngàn Mápó wà pẹ̀lú òpó ràbàtà rẹ̀, ibikíbi tí mo bá sì yà sí, ó ń wò mí.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú ni inú rere wọn. Bí mo ṣe ń mí gúle-gúle ní ìsàlẹ̀ òkè náà, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí gba apẹ̀rẹ̀ lórí mi, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé tí mo ń lọ, ó sì ní kí n ṣe pẹ̀lẹ́. Kò gba ohunkóhun. Nígbà tó lọ, mo ka ẹja mi. Ó pé. Mo tún un kà, ó ṣì pé. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣẹ́gun ni mo dé sí, opó kan tó jẹ́ Aládùúrà, tó ń ta búrẹ́dì ní ẹsẹ̀ òkè Mápó. Wòlíì ìjọ wa ló kọ lẹ́tà sí i pé mo ń bọ̀ wá tajà. Ó fún mi ní yàrá, ó fún mi ní ẹní, ó sì gbé oúnjẹ wá. Mo rí nǹkan funfun kan nínú ọbẹ̀, ó rọ̀, ó sì ń dún díẹ̀ láàárín eyín. Mo béèrè irú ẹja tó jẹ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ní wàrà ni, láti ara màlúù. Mo jẹ ẹ́, kò sì burú, ṣùgbọ́n n kò tí ì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ wàrà di ẹran, n kò sì fẹ́ràn oúnjẹ tó ń fi ara hàn bí ohun tí kò jẹ́. Púpurú ẹ̀gẹ́ wa ń wù mí jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni pé mo ti fi ilé sílẹ̀ fún ọdún kan.

Àwọn èwe àdúgbò máa ń tẹ̀lé mi láti gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ṣe ni mo ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa àwọ̀n. Ìyá Ṣẹ́gun lé wọn, ó sì ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi rárá. Ìlú tó ń gbe àlejò ju onílé lọ, Mojí yóò gbádùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá bímọ síbẹ̀ tó di onílé, ta ni yóò wá gbè é?

Igún

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí igún bá ṣèèṣì bà lé òrùlé ẹnì kan, ẹ mọ̀ pé ààwẹ̀ ni. Ní Oríta-mẹ́rin, mo ka igún mọ́kànlá lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, mo sì fi kíkà sílẹ̀. Wọ́n ń rìn láàárín èrò bí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà náà. Wọ́n ń yà fún obìnrin tó ru ẹrù, wọn kì í yà fún ajá. Ọ̀kan wá dúró ti apẹ̀rẹ̀ mi, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo ẹja. Mo gbé bàtà mi sókè láti lé e.

Alápatà kan tó ń pọ́n ọ̀bẹ dá mi dúró. "Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Òun ló ń bá wa gbálẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá wá, ọwọ́ la fi ń bo imú."

"Ṣé kì í ṣe ikú ló ń kéde ni?"

"Ikú tó ti ṣẹlẹ̀ ló ń kó kúrò nílẹ̀. N kò gbọ́ ọ rí pé igún pa èèyàn."

Mo jókòó ti apẹ̀rẹ̀ mi títí ó fi di ọ̀sán, mo ń fi igún wé ọ̀nì. Àwọn méjèèjì kò lẹ́wà, kò sì jọ pé ó dùn wọ́n. Àwọn méjèèjì ní sùúrù jù wá lọ. Ọ̀nì lè wà nínú omi láti àárọ̀ kó má mira. Igún náà lè na ìyẹ́ sínú oòrùn bí ẹni sá aṣọ, kó máa wo ọwọ́ alápatà. Ṣùgbọ́n ọ̀nì a máa fara pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ mú. Igún kì í fara pamọ́. Ibi tí gbogbo ayé ti lè rí i ló ń jókòó sí. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì parí rẹ̀ sí pé bí ó bá di dandan kí n yan àna nínú àwọn méjèèjì, igún ni mo máa yàn, torí èèyàn á kúkú ti kú kí tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹlẹ́ja tí kò kiri ẹja

Àrẹ̀mọ kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn ilé ibẹ̀ súnmọ́ra débi pé bí ẹ bá sín nínú yàrá yín, ará ilé kejì ni yóò kí yín. Mo béèrè ilé Àkànní káfíńtà, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń kan òrùlé lọ́dọ̀ wa, wọ́n nawọ́ sí i. Igún mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Mo fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé apẹ̀rẹ̀ yípo àdúgbò náà. Bí ẹnì kan bá pè mí pé kí n wá ta ẹja, n ó jókòó, n ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mi. Mo bi obìnrin onídìrí kan bóyá àwọn ará ilé ọ̀hún ń na ìyàwó. Ó ní rárá. Mo ní ṣé wọn kì í jà lórí ogún. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí.

"Wèrè kò sí nínú ìran wọn?"

"Kò sí."

"Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́?"

Ó dá ìlarun dúró lórí ẹni tó ń dì fún. "Ìyá," ó ní, "ẹja lẹ ń tà àbí oògùn?"

Ibi gbogbo ni wọ́n ti yìn wọ́n. Télọ̀ yìn wọ́n, ìyá alákàrà yìn wọ́n, Lèmọ́mù àdúgbò pàápàá ní èèyàn rere ni wọ́n bí wọn kò tilẹ̀ jọ kírun. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ́. Ilé wo ni gbogbo àdúgbò ń yìn tí kò sí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n ṣẹ̀? Àwa èèyàn etí omi mọ̀ pé ibi tí omi bá ti parọ́rọ́ jù ni kí á má ti na ọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin arúgbó kan yọ sí mi láti inú ilé náà. Ó gbẹ, ó dúdú, ọ̀pá ló fi ń rìn, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ìyá tó bí bàbá Àkànní ni, Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó wo apẹ̀rẹ̀ mi, ó wò mí.

"Ẹja yín yìí, ìgbà wo lẹ ti ń gbé e kiri?"

"Láti ìjẹta ni, Ìyá."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ̀yin náà jókòó."

Ó fún mi lómi, ó fún mi ní ègbo tó gbóná pẹ̀lú ẹ̀wà lórí rẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó dìde, ó ní òun ń lọ fún àgbà lóúnjẹ, pé bí mo bá fẹ́, kí n bá òun lọ. Bí mo ṣe rí kòtò ọ̀nì wọn nìyẹn. Lẹ́yìnkùlé ló wà, wọ́n mọ ògiri yí i ká dé àyà èèyàn, omi inú rẹ̀ ti hu ewé. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ ìró kí n tó mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà ju fùkù màlúù sínú omi, ó ní, "Ẹ káàsán o, àgbà." Omi náà gbéra. Mo gbọ́ ìró tí ẹnu rẹ̀ ń dún nígbà tó pa dé, ó sì di ìgbà kejì tí mo gbọ́ ìró yẹn láyé mi. Mo kórìíra ẹranko náà, mo sì kórìíra ìyá arúgbó tó ń kí i.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ìyàwó àbúrò Àkànní bímọ. Ọ̀túnla la ó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wá bá wa jẹun."

Mo ní n ó wá. Ní gbogbo ọ̀nà padà sí Mápó ni mo ń bi ara mi: ta ní í pe ẹlẹ́ja tí kò mọ̀ rí sí ìsọmọlórúkọ?

Ọjọ́ kẹjọ

Mo ti sọ pé n ó sọ òtítọ́. Ìsọmọlórúkọ náà dára. Wọ́n fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọmọ náà lẹ́nu, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tó gùn ju ara rẹ̀ lọ, wọ́n sì gbé abọ́ ìrẹsì tèmi síwájú mi kí wọ́n tó gbé ti àwọn kan nínú ẹbí. Àṣàkẹ́, ìyá ọmọ náà, kò ju ẹgbẹ́ Mojí lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bínú sí ara mi pé mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn obìnrin ilé dìde wẹ́rẹ́, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Kò sẹ́ni tó pè mí, kò sì sẹ́ni tó ní kí n má wá. Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n dúró yí kòtò ká. Ìyá Àgbà gba ọmọ náà lọ́wọ́ Àṣàkẹ́, ó tú aṣọ lára rẹ̀, ó sì na ọmọ ìhòòhò náà kọjá orí ògiri pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, sókè omi. Ọ̀nì náà gun òkúta tó wà nísàlẹ̀, ó la ẹnu, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù kò mira. Àṣàkẹ́ ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará mi, n kò rí ọmọ mọ́. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. Mo ti bọ́ síwájú, mo ti já ọmọ náà gbà, mo sì ti gba àárín ilé jáde kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ká ní mo ronú ni, ojú ni ǹ bá kàn dì. Mo ń sáré, ọmọ ń ké, mo ń sọ fún un pé kó dákẹ́, pé kò ní jẹ ẹ́, kò ní jẹ ẹ́.

N kò mọ ibi tí mo ń lọ. Ìsàlẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ń gbé mi lọ, bí ẹni pé omi yóò wà níbẹ̀. Oríta-mẹ́rin ni mo já sí. Mo tẹ ìfun ẹran tí àwọn alápatà dà nù, mo sì ṣubú. Mo fi orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ gba ilẹ̀ kí ọmọ má bàa kan an. Àwọn igún tó wà níbẹ̀ fò díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì padà wá dúró.

Lẹ́yìn wọn ni èèyàn dé. Ẹnì kan ní gbọ́mọgbọ́mọ ni, ọ̀rọ̀ náà sì gba ọjà kan kí n tó dìde. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń fi gbọ́mọgbọ́mọ ṣe. Obìnrin àjòjì, ọmọ ìhòòhò lọ́wọ́, ó ń sáré: èmi gan-an, bí mo bá wà láàárín wọn, n ó ti mú igi. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mú kí n máa sọ ẹnu ìlú wa. Ọkùnrin kan ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ará ibí." Alápatà tó dáàbò bo igún lọ́wọ́ mi wà níbẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jọ pé ó mọ̀ mí. Wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan fi igi gbá mi léjìká. Mo ní nínú ara mi pé, ó tán, ìwádìí ti parí, wọn yóò gbé òkú mi lọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà, nítorí ẹnì kan ń bọ̀ tí kò lè yára. Ìyá Àgbà ni, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti já sọ́rùn. Ó dúró kó mí ná. Gbogbo wa dúró dè é.

"Kí ló dé tí ẹ pagbo yí àna mi ká?" ni ó bi wọ́n.

Alápatà ní, "Ìyá, ọmọ ló jí gbé."

"Ọmọ wo? Ọmọ ilé wa nìyẹn. Èmi ni mo ní kó gbé e jáde gba afẹ́fẹ́."

"Ó ń sáré ni, Ìyá."

"Wọ́n ti wá ṣòfin pé kí àna mi má sáré ni?"

Ó gba ọmọ náà, ó sọ ọ́ sí èjìká, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi kí n fi dìde. Ó ṣáájú mi dé Àrẹ̀mọ. Ẹkún ni èmi ń sun, n kò sì lè sọ fún yín bóyá ti ìtìjú ni àbí ti pé mo ṣì wà láàyè.

Ẹnu

Òun fúnra rẹ̀ ló fi omi gbígbóná wẹ orúnkún mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ ti mọ̀ mí."

"Láti ọjọ́ kìíní. Ẹlẹ́ja wo ní í máa bi èèyàn nípa ẹ̀tẹ̀?"

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́?"

"Ẹni tó wá wòran, ẹ jẹ́ kó wò ó tán. Àwa náà, bí a bá fẹ́ fi ọmọ fún ará odò, a ó rán èèyàn."

Ó wá sọ ìtàn kòtò náà fún mi. Ọdẹ ni bàbá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó rí abo ọ̀nì létí Odò Ògùn tó ń fi ẹnu kó àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé ó ń jẹ wọ́n ni. Ó ní ìyá burúkú wo nìyí, ó sì yìnbọn fún un. Nígbà tó la ẹnu rẹ̀, ó bá wọn níbẹ̀ láàyè, kò sí èyí tí eyín kàn. Omi ni ìyá wọn ń gbé wọn lọ. Bàbá ọkọ rẹ̀ kó wọn wálé, ẹyọ kan ló yè, òun sì ni àgbà tó wà nínú kòtò. Láti ìgbà náà, ọmọ tí wọ́n bá bí nílé yẹn, wọ́n á gbé e lọ hàn án lọ́jọ́ kẹjọ, kó mọ̀ pé ilé tó pa ìyá rẹ̀ náà ń bímọ, ó sì ń tọrọ àforíjì.

"Igún tí ẹ ń wò lórí òrùlé wa náà," ó ní, "ọ̀nà ọ̀fun ló fi ń gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ. Ó ń pọ̀ ọ́ fún un ni. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní àìsàn ló ń ṣe é. Ọ̀nì kò ní ọwọ́, igún kò ní ọwọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣètọ́jú. Ẹ̀yin náà lónìí, ẹ gbé ọmọ wa sá lọ sómi, àwọn ará ọjà sì fẹ́ yìnbọn."

"Ìyá, ọ̀nì ló gé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fi aṣọ nu orúnkún mi gbẹ. "Àkànní ti kọ̀wé sọ fún mi. N kò ní kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Èmi gan-an, n kò na ọwọ́ sínú omi yẹn rí."

N kò ní tàn yín: ìlàjì ìtàn náà ni mo gbà gbọ́ lọ́jọ́ náà. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa bóyá àárọ̀ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àṣàkẹ́ yọ sí mi níbi tí mo jókòó sí nílé wọn, nítorí wọn kò jẹ́ kí n fi orúnkún yẹn rìn padà sí Mápó. Mo rò pé ó wá bú mi ni, mo sì ti múra sílẹ̀ láti gbà á. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi dì í mú, mo fẹ́ lọ wẹ̀." Ó sì pẹ́ nínú balùwẹ̀, ó ń kọrin. Mo di ọmọ náà mú bí ẹni di ẹyin mú.

Ilé

Ojú omi wa dùn ún wò nígbà tí mo dé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n wò ó. Ẹ̀yìnkùlé kan náà ló pè mí lọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, n kò yọ ìtìjú tèmi kúrò. Mo sọ ti wàrà, ti igún, ti kòtò, ti ọmọ tí wọ́n nà sórí omi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ Mojí ti bàjẹ́. Mo ń bá a lọ títí mo fi dé Oríta-mẹ́rin.

Ó dá mi dúró. "Bí ìyá yẹn bá ti ní òun kò mọ̀ ọ́ rí ńkọ́?"

"Wọn ì bá ti pa mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó mọ̀ pé o wá láti tú àṣírí ilé òun?"

"Ó mọ̀."

"Bí wọ́n bá pa ọ́, ṣé ẹnì kan máa sọ pé ọwọ́ ìyá náà wà níbẹ̀?"

"Rárá. Ó kàn máa dákẹ́ ni."

Mojí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́, ó sì ń ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èrò tèmi, pé wọn kò jọ ọ̀nì, wọn kò jọ igún, pé àwọn méjèèjì gan-an kò jọ ohun tí a rò. Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró gbọ́ ọ.

"Àbúrò, o kò mọ bó ṣe ń rí, èmi mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ìgbà díẹ̀ kan wà tí o ti wà lẹ́nu ẹranko náà tí kò tí ì pa á dé. Ó lè pa á dé, ó sì lè fi ọ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo máa ń lá lálàá, kì í ṣe ìrora. Ìwọ ti débẹ̀, ẹni tó sì lè pa á dé mọ́ ọ ló na ọ̀pá sí ọ."

Ó wá pe Mojí pé kó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ kó gbé ìwé àti bírò wá. Ó ní kó kọ ọ́ sí Ìbàdàn pé kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ ìyàwó. Ó ní bí ẹsẹ̀ ìyá arúgbó náà bá gbà á, kó bá wọn wá, òun yóò dúró dè é létí omi, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ sórí ilẹ̀ kì í rọrùn fún àgbà, òun sì ṣì ní ọwọ́ kan tí òun fẹ́ nà sí i.